Fọ́ọ̀mù Méjìdínlógún

"Ilé tí ẹ ò bá dé, ẹ fi fọ́ọ̀mù ẹ̀ sílẹ̀ lófo," ni dókítà ẹran wí. Ó gbé bébà kan sókè, ó fi ìka lu àárín rẹ̀. "Òfo ò bí mi nínú rárá. Tí mo bá rí òfo, màá mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò tíì débẹ̀, màá sì rán ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ ohun tí ojú yín ò rí síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa pa dà lọ wò ó mọ́. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, mà!"

Ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá náà gba gbogbo ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì ọ̀hún kò sì tóbi. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú fíríìjì kan tó ń kùn bí ẹni tí inú ń run, àti àwòrán màlúù kan tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lára ògiri. Òórùn oògùn apakòkòrò gba imú.

Lára àwọn tó dáhùn sókè jù ni ọmọbìnrin kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Akọ̀wé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára débi pé àwọn tíṣà gan-an a máa pè é kó wá bá àwọn kọ nǹkan sójú pátákó. Láti kékeré ló ti ń sọ pé dókítà ẹran lòun máa dà. Tí wọ́n bá bi í pé ta ló fi èyí sí i lórí, á ní bàbá àgbà òun ni, òun àti àwọn ewúrẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn kò le. Ìjọba fẹ́ ṣe ètò kan ṣoṣo fún ìlera àti ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn ní gbogbo orílẹ̀-èdè: ibo ni abẹ́rẹ́ àjẹsára máa kọ́kọ́ dé, ibo ni wọ́n máa kọ́ ilé ìwòsàn ẹran sí, irú ìyà wo ló ń jẹ ẹran níbi tí wọ́n so wọ́n mọ́. Wọn ò sì lè ṣe é láìmọ ohun tó wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó àwọn ọmọ ilé ìwé jọ, kí wọ́n máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Fọ́ọ̀mù kan, ilé kan. Ẹran mélòó lẹ ní? Mélòó ló kú láàárín oṣù mẹ́ta? Ṣé èyíkéyìí ń wúkọ́, àbí ó ń yàgbẹ́ gbuuru? Ṣé wọ́n ń rí omi tó mọ́ mu? Ṣé ibi tí wọ́n ń sùn gbẹ? Lẹ́yìn náà, ẹni tó ni ẹran á tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sísàlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe é dáadáa máa gba lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́wọ́ dókítà, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹran sì máa ń fi ojú rere wo irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé fẹ́ lẹ́tà yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi.

Wọ́n pín òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pọ̀, Kíákíá. Ẹ má wulẹ̀ bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń jẹun lórí ìrìn, tó ń wẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, tó sì máa ń kọ́kọ́ jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, yálà ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ogójì ilé ló já mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́: méjìlélógún níhà ibí odò, méjìdínlógún ní òdìkejì.

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n kọ́kọ́ ṣe é bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ka adìẹ tí kò fẹ́ dúró kí wọ́n ka òun. Ìyá kan tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní kí wọ́n rọra béèrè ọ̀rọ̀, pé ariwo ń da àwọn ẹlẹ́dẹ̀ òun láàmú. Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán, wọ́n ti parí ilé méjìlélógún, bàtà wọn ti kún fún ẹrẹ̀, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Wọ́n sáré bọ́ sábẹ́ òrùlé iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan tó ti ilẹ̀kùn pa lọ́jọ́ náà.

"Ó ku òdìkejì odò," Akọ̀wé wí, ó ń nu omi kúrò lára báàgì fọ́ọ̀mù.

"Ta ló ń lọ síbẹ̀? Ìwọ àti ta ni?" Kíákíá ti bọ́ bàtà, ó ń da omi inú rẹ̀ nù. "Ìdánwò ìṣirò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé o, mi ò sì tíì ṣíwèé wò. Jẹ́ ká jókòó síbí ká parí ẹ̀ jàre."

"Ká parí ẹ̀ báwo?"

"Báwo tún ni báwo? Ṣé ewúrẹ́ òdìkejì odò ní ìwo mẹ́ta ni? Kọ márùn-ún síbí, kọ mẹ́ta sọ́hùn-ún. Kò sí èyí tó kú, kò sí èyí tó ń wúkọ́. Ó tán!"

"Ṣùgbọ́n dókítà ní ká fi ibi tá ò bá dé sílẹ̀ lófo."

"Kí wọ́n lè fún ẹ ní ààbọ̀ lẹ́tà, àbí? Ó dáa. Àwọn yòókù á kó báàgì tó kún lọ, ìwọ á lọ kó òfo méjìdínlógún kalẹ̀ níwájú wọn. Má gbàgbé láti rẹ́rìn-ín músẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá Akọ̀wé níbi tó dùn ún. Ó wo òjò, ó wo ọ̀nà odò tó ti di ẹrẹ̀. Bàbá àgbà rẹ̀ wà ní òdìkejì yẹn, nínú ilé tó gbẹ̀yìn lójú ọ̀nà, ó sì rò ó nínú ara rẹ̀ pé: ewúrẹ́ bàbá, ṣé èmi náà ni mò ń lọ bèèrè wọn? Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Omi wọn mọ́, ilé wọn gbẹ. Kí ló tún kù? Bó ṣe tan ara rẹ̀ jẹ nìyẹn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó ti dé ilé bàbá náà kẹ́yìn nítorí ìwé kíkà, ṣùgbọ́n kò rántí ìyẹn lọ́jọ́ náà. Fọ́ọ̀mù bàbá àgbà ló kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn tó kọ ti bàbá tán, fọ́ọ̀mù mẹ́tàdínlógún yòókù kò wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Wọ́n ń pààrọ̀ bírò kí ó má baà dà bíi pé ẹnì kan ló kọ gbogbo rẹ̀. Akọ̀wé yí ìkọ̀wé rẹ̀ sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Ó wá ku ìtẹ̀ka. Wọ́n tẹ ìka kan lẹ́yìn òmíràn sínú íǹkì, títí ó fi ku fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, ni Kíákíá bá na ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde.

"Gbé ti bàbá àgbà ẹ wá. Àtàǹpàkò àgbàlagbà máa ń tóbi."

Ó tẹ ìka ńlá ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Fọ́ọ̀mù méjìdínlógún, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, gbogbo rẹ̀ dùn ún wò, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ irọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Dókítà tún kó wọn jọ sí ọ́fíìsì, ó ta máàpù ńlá kan sára ògiri. Àwọn ibi tí àrùn wà, wọ́n fi pupa kùn wọ́n. Àwọn ibi tí ara ẹran ti le, wọ́n fi àwọ̀ ewé kùn wọ́n.

"Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó wà nílẹ̀ kò lè kárí," ni dókítà wí. "Ibi pupa la máa kó o lọ lọ́dún yìí. Tiwa rèé, ẹ wò ó, àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Ní òdìkejì odò pàápàá, ẹran kan ṣoṣo ò kú. Mo bá wa yọ̀. Àmọ́dún ló máa kàn wá."

Ó pín lẹ́tà fún wọn. Nígbà tó kan Akọ̀wé, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní òun ò tíì rí ìwé tó mọ́ tó tirẹ̀ rí. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Inú Akọ̀wé dùn, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè wo máàpù náà. Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ká a sínú aṣọ mímọ́, ó tì í mọ́nú àpótí.

Lọ́jọ́ kejì ni ìyá rẹ̀ ní kó gbé ọṣẹ àti iyọ̀ lọ fún bàbá àgbà. Bíríkìlà ni bàbá náà nígbà tó ṣì lágbára. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ ilé ewúrẹ́ rẹ̀, ó da sìmẹ́ńtì sílẹ̀ rẹ̀ kó lè máa gbẹ, bẹ́ẹ̀ yàrá tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn, erùpẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ewúrẹ́ yẹn ló ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ó sọ wọ́n lórúkọ pàápàá. Ọ̀gá Ọlọ́pàá ni èyí tó máa ń ti àwọn yòókù kúrò nídìí omi. Arẹwà ni èyí tí Akọ̀wé fi wàrà inú ìgò tọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kọ̀ ọ́.

Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ló ti ṣàkíyèsí pé kò sí ewúrẹ́ tó ń ké. Ibẹ̀ dákẹ́ jù. Bàbá àgbà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi àkísà àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu imú ewúrẹ́ kan. Ikun ti dí imú ẹran náà, egbò ti yọ sí ètè rẹ̀ kiri, ìdí rẹ̀ sì tutù rinrin fún ìgbẹ́ gbuuru.

"Dúró síbẹ̀ yẹn," ni bàbá wí láìgbójú sókè. "Má wọlé. Bàtà ẹ á gbé àrùn yìí dé ilé onílé."

"Háà, Bàbá! Kí ló ṣe wọ́n?"

"Mẹ́fà ti lọ. Mọ́kànlá ló kù, wọn ò sì jẹun mọ́."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Bàbá jókòó sórí bíríkì kan, ó fi ọwọ́ lẹ́rán. "Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí ibí ló ti bẹ̀rẹ̀. Àgùntàn méjì kú fún un lọ́sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ń ka ẹran. Tèmi kan náà ti ń wúkọ́ nígbà yẹn. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo ní àwọn tí ìjọba rán ń bọ̀, màá sọ fún wọn. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó dáa, mo gbé àga síta. Òjò lé mi wọlé, mo tún jáde. Mo ní tí wọn ò bá wá lónìí, wọ́n á wá lọ́la. Mo tún jókòó lọ́jọ́ Àìkú." Ó gbójú sókè wò ó. "Ọmọ ilé ìwé yín ni wọ́n ní àwọn tó ń kà á. Ṣé o mọ àwọn tó yẹ kó wá síhà ibí?"

Akọ̀wé gbé ọṣẹ àti iyọ̀ náà sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti sọ ọ́.

"Mi ò mọ̀ wọ́n, Bàbá," ló sọ.

Ó lọ bá Kíákíá nílé, ó ń sunkún. Kíákíá fa ilẹ̀kùn pa dé. "Pa ẹnu ẹ mọ́ o! Tó o bá sọ ọ́, ṣé ewúrẹ́ tó ti kú á dìde ni? Lẹ́tà ẹ lọ, lẹ́tà tèmi náà lọ. Ta ló máa mọ̀? Dákẹ́ síbẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi dákẹ́. Lójoojúmọ́ tí ilé ìwé bá ti parí, á gba ọ̀nà odò lọ, á dúró lẹ́yìn ọgbà, á máa ka àwọn tó kù. Mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹta, ó bá bàbá àgbà tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Òkú Arẹwà ló wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ti ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Méje ló kù. Bàbá kò sunkún, ó kàn ń sinmi lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó bá ta ọkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Akọ̀wé yí pa dà, ó sì sáré láti ibẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì dókítà ẹran.

Dókítà gbọ́ ọ títí ó fi parí. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún ọmọ náà.

"Mélòó lẹ kọ bẹ́ẹ̀?"

"Méjìdínlógún, mà."

"Gbogbo òdìkejì odò." Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nu ojú. "Abẹ́rẹ́ ti lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò tiẹ̀ lè wo èyí tó ti ń ṣàìsàn sàn, èyí tára ẹ̀ ṣì le ló ń dáàbò bò. Ká ní ẹ fi í sílẹ̀ lófo ni, ọmọ yìí, èmi fúnra mi ni ǹ bá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ewúrẹ́ kan tó ń wúkọ́ ni ǹ bá bá. Ọdún márùn-ún ni ètò yìí fẹ́ lò. Ọdún márùn-ún tí wọ́n máa fi máa wo fọ́ọ̀mù yín ṣe ìpinnu!"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú."

"Lọ mú lẹ́tà ẹ wá. Kí ọ̀rẹ́ ẹ náà mú tiẹ̀ wá. Lọ́la, èmi àtìwọ máa wọ ilé méjìdínlógún yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Kíákíá kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ìyá Akọ̀wé yọ lẹ́tà náà nínú àpótí, ó fi lé e lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n.

Nínú ilé méjìdínlógún, mẹ́rìnlá ni ẹran ti kú. Dókítà kò jẹ́ kí Akọ̀wé kàn máa kọ ọ́. Ó ní kó máa ka ìbéèrè náà sókè bó ṣe wà lórí bébà, kó dúró gbọ́ èsì. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀. "Ní báyìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀?" ló wí, ó sì pòṣé. Ilé bàbá àgbà ló gbẹ̀yìn, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó dé ibẹ̀.

"Ẹran mélòó lẹ ní, Bàbá?" Akọ̀wé kà á bó ṣe wà lórí bébà.

"Mẹ́rin."

"Mélòó ló kú láàárín oṣù mẹ́ta?"

"Mẹ́tàlá. O mọ̀ ọ́n."

"Ṣé wọ́n ń rí omi tó mọ́ mu?"

"Tí wọ́n bá lè dìde dé ìdí ẹ̀."

"Ṣé ibi tí wọ́n ń sùn gbẹ?"

Bàbá àgbà nawọ́ sí ilé ewúrẹ́ náà. Dókítà wá fa fọ́ọ̀mù àtijọ́ yọ, ó ní kí bàbá tẹ̀ka sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí àwọn lè fagi lé e. Bàbá gbé e súnmọ́ ojú.

"Ta ló tẹ èyí fún mi?"

Dókítà wo Akọ̀wé. Akọ̀wé kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀. "Àwa ni, Bàbá. Èmi ló yẹ kí n wá. Òjò ń rọ̀, mi ò wá. Mo kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan."

"Lọ́jọ́ tí mo jókòó síta?"

"Ọjọ́ náà ni."

"Nígbà tí mo bi ẹ́, o ní o ò mọ̀ wọ́n," ni bàbá àgbà wí. Ìyẹn ló dun Akọ̀wé jù nínú gbogbo rẹ̀. Bàbá tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ síbi tí wọ́n fi hàn án, ó nu íǹkì náà mọ́ ṣòkòtò. "Mi ò bá ẹ jà. Ó kàn rẹ̀ mí ni." Ó wọlé lọ.

Dókítà bẹ̀bẹ̀ káàkiri títí wọ́n fi fi àpótí abẹ́rẹ́ kékeré kan ránṣẹ́ sí i. Ó fi gún àwọn ẹran ìhà ibí odò tí ara wọn ṣì le, àrùn náà kò sì kọjá síbẹ̀. Ní òdìkejì, ó ti pẹ́ jù. Mẹ́ta nínú mẹ́rin tó kù fún bàbá àgbà kú lọ́sẹ̀ náà. Èyí tó kù, Ọ̀gá Ọlọ́pàá, bàbá fà á fún ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, nítorí ó ní òun ò lè máa gbọ́ igbe rẹ̀ lóun nìkan. Akọ̀wé kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga láìsí lẹ́tà kankan, wọn ò gbà á lọ́dún yẹn.

Nígbà tí ọdún yípo, ètò ìjọba jáde. Wọ́n ti fi pupa kun òdìkejì odò, abẹ́rẹ́ sì dé. Akọ̀wé ló bá dókítà gbé kúlà abẹ́rẹ́ náà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gbé e. Wọ́n ń wọlé kan jáde nínú òmíràn títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ máa lọ sílé tó kàn," ni bàbá wí. "Èmi ò sin nǹkan kan mọ́." Lẹ́yìn náà ó na ọrùn wo inú kúlà. "Ṣé abẹ́rẹ́ ọ̀hún nìyí?"

"Òun ni, Bàbá." Akọ̀wé mú ìgò kan, ó fi sí i lọ́wọ́.

Bàbá yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Gbogbo ìgò náà kò ju ìka rẹ̀ kan lọ.

"Ó mà kéré o," ló wí, ó sì dá a pa dà fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ̀yin náà máa gba bébà lọ́wọ́ ẹnì kan lọ́jọ́ kan. Ohun tí ojú yín ò bá rí, ẹ má kọ ọ́ pé ẹ rí i, bó ti wù kí òjò pọ̀ tó, bó ti wù kí ọ̀rẹ́ yín fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Akọ̀wé sọ òótọ́ nígbẹ̀yìn, òótọ́ náà sì gba ẹran ẹlòmíràn là, ṣùgbọ́n ìgbà tó fi máa sọ ọ́, bàbá àgbà rẹ̀ ti sin èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀.